Sí Akin, Tí Yóò Máa Tọ́jú Ọmọ Ọlọ́mọ

Agége,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀.

Akin ọmọ mi, Àjàní,

Mo kí ọ o. Mojí àbúrò rẹ kí ọ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́rú, Mojí ló sì kà á fún mi, nítorí awò ojú mi ti fọ́ lápá kan. O ní wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ ní ọsibítù ìjọba ní Ìlọrin níbẹ̀, àti pé wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni wọ́n gbé ọ sí, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí àìsàn wọn kì í lọ bọ̀rọ̀. Inú mi dùn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu mi mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ìyá rẹ ní, "Bàbá Akin, ọmọ yín ríṣẹ́, ẹ wá fajú ro bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù." 

Ẹ̀rù ló ń bà mí, Akin. Kì í ṣe pé mo rò pé o kò ní lè ṣe iṣẹ́ náà. Mo mọ irú bàbá tí o máa bá pàdé níbẹ̀ ni. Èmi gan-an ni bàbá yẹn.

O mọ̀ pé èmi kì í ṣe akọ̀wé. Ẹ̀gbẹ́ iná ìléru ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi, níbi tí a ti ń sun abọ́ tánganran ní Ikẹja, ọwọ́ mi kò sì mọ kálámù dì mú dáadáa. Fara balẹ̀ ka lẹ́tà yìí. Má kà á lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí n kò sọ fún ọ rí. Má sì fò lọ síbẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Àkọ́kọ́, mo fẹ́ tọrọ àforíjì. Nígbà tí o parí ìwé mẹ́wàá, tí o ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lo fẹ́ kọ́, mo rẹ́rìn-ín. Mo pe àwọn ará ilé wa tí a jọ háyà yàrá, mo ní, "Ẹ wá gbọ́ o, ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ lọ máa fọ ìdí ọmọ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìwọ kò rẹ́rìn-ín. O kàn wò mí, o sì wọlé lọ. Mo mọ ìdí tí mo fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Tí mo bá gbà pé iṣẹ́ gidi ni, n óò ní láti rántí obìnrin kan tó ṣe é fún wa. N kò sì fẹ́ rántí rẹ̀.

O rántí Sístà Ṣẹ̀gílọlá. Ọmọ Èkìtì, pẹ́lẹ́ńgẹ́, adúmáadán bí kóró iṣin, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Onígbòǹgbò ló ń gbé nígbà náà. Òun ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù tí a máa ń gbé Mojí lọ ní ọsibítù Ikẹja. Gbogbo ìmọ̀ràn tí mo ní fún ọ, ara rẹ̀ ni mo ti rí i kọ́, ó kàn jẹ́ pé ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni.

Ìmọ̀ràn kìíní nìyí. Bí o bá fẹ́ la àìsàn ọmọ yé àwọn òbí rẹ̀, pe ìyá àti bàbá jókòó pọ̀, kí o sọ ọ́ létí àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Mojí kò tíì pé ọdún kan nígbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ wú. Ó ń ké tọ̀sán-tòru. Lójú mi, ẹnì kan ló fi ṣe é, kò sì sí ẹni tí mo fura sí bí kò ṣe ìyá ìyàwó mi. Mo lé ìyá àgbàlagbà náà jáde nílé mi pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lórí. Odidi ọdún kan ni n kò fi jẹ́ kó tẹ ẹnu ọ̀nà wa. Ìyá rẹ á lọ síbi iṣẹ́ búrẹ́dì, á po ìyẹ̀fun títí apá rẹ̀ á fi wú, á padà dé, kò ní bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà kò ní bá a sọ̀rọ̀, ọmọ á sì máa ké láàárín wa.

Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Mojí wò tán ní ọsibítù, wọ́n ní fòníkú-fọ̀ladìde ni. Ìyá rẹ nìkan ló lọ lọ́jọ́ náà. Sístà Ṣẹ̀gílọlá kò sọ nǹkan kan fún un ju pé, "Ẹ bá mi pe bàbá wá." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ránṣẹ́ kí n tó lọ. Ó fi àga méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó ní ká jókòó.

Ó ní, "Bàbá Akin, ta lẹ rò pé ó kó àìsàn yìí bá ọmọ yín?"

Mo ní, "N kò lè dárúkọ. Àmọ́ mo fura."

Ó ní, "Kò sí ẹni tí ẹ máa fura sí. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ fún un, ẹ kò sì mọ̀. Oríṣi ẹ̀jẹ̀ méjì ni olúkúlùkù yín gbé wá láti ilé yín. Ọ̀kan dára, ọ̀kan kò dára, èyí tó dára ló sì ń bo èkejì mọ́lẹ̀, ìdí nìyí tí ẹ̀yin kò fi ṣàìsàn. Akin rí èyí tó dára mú lọ́wọ́ ẹnì kan nínú yín. Mojí mú èyí tí kò dára lọ́wọ́ bàbá, ó tún mú èyí tí kò dára lọ́wọ́ ìyá. Kò sí ẹni tó ṣẹ ẹnì kankan."

Ìyá rẹ dorí kodò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Sístà kò ní kó dákẹ́. Ó kàn fa àga tirẹ̀ súnmọ́ ọn, ó jókòó tì í, ó sì dúró títí ẹkún náà fi tán fúnra rẹ̀. Èmi ń wo ilẹ̀. Ìyá ìyàwó mi ni mo ń rò, àti bí ẹrù ṣe wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lé e.

Ká ní ìyá rẹ nìkan ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tó wá sọ ọ́ fún mi nílé ni, n óò ní òun àti ìyá rẹ̀ ló gbìmọ̀ pọ̀. Akin, bí o bá sọ fún ìyá nìkan, ẹ̀bi lo dì fún un gbé lọ sílé. Dúró de bàbá. Ránṣẹ́ pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹrin, tún ránṣẹ́.

Ìkejì ni pé kí o máa gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ariwo. Èyí ló gbé mi dé ibi tí n kò sọ fún ọ rí.

O rántí ọdún tí nǹkan kọ́kọ́ le gan-an, tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé SAP, SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé. Ìyẹ̀fun tánganran tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun fún wa kò ṣeé rà mọ́. Nínú iná ìléru mẹ́ta tó wà ní ilé-iṣẹ́ wa, ọ̀kan ṣoṣo ló kù tó ń jó. Gbogbo ọjọ́ ẹtì ni wọ́n ń ka orúkọ àwọn tí kò ní padà wá ní ọjọ́ ajé. Ẹni tí mo bá jókòó jẹun lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀, mo lè má rí i mọ́ nígbà tó bá di ọjọ́ ẹtì.

Ọdún náà ni itan Mojí wú. Ọmọ ọdún méje ni. Dókítà ní eegun inú rẹ̀ ń kó ọyún, pé wọ́n máa dá a dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n á máa gún un lábẹ́rẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Ìwọ náà mọ bí ọsibítù ṣe rí nígbà náà. Àwa la ń ra òwú, àwa la ń ra abẹ́rẹ́, àwa la ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé omi lọ. Mo ń ti ibi iṣẹ́ lọ, mo ń ti ibẹ̀ padà síbi iṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Mojí rẹ́rìn-ín, ó ní òun fẹ́ jẹ búrẹ́dì. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ọ̀gá mi sọ fún mi pé bí mo bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n má wulẹ̀ wá mọ́.

Mo pinnu pé n óò gbé ọmọ mi lọ sílé.

Sístà Ṣẹ̀gílọlá dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Bàbá Akin, ẹ má gbé ọmọ yìí lọ. Ìrora ló lọ, àìsàn kò tíì lọ."

Mo ní, "Èmi ni mo bí i."

Ó ní, "Mo mọ̀, sà. Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i."

 Mo pariwo lé e lórí. Mo ní, "Kí ni ìwọ mọ̀ nípa ọmọ? Ìwọ tí o kò bímọ!"

Ẹnì kan ló ti sọ ọ́ létí mi lóde pé kò bímọ rí. Mo mọ̀ kí n tó sọ ọ́. Mo mọ ibi tí ó máa dùn ún, ibẹ̀ ni mo sì sọ ọ́ sí.  Ìyá kan tó ń fún ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀kọ mu, ṣíbí dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Sístà yíjú sí ara ògiri fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń ka nǹkan níbẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, ó mú ìwé kan wá, ó ní, "Ẹ fọwọ́ sí i níbí, pé ẹ̀yin lẹ gbé e lọ." Mo fọwọ́ sí i. Ó wá mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé itan Mojí, ó ní, "Bí ibí yìí ṣe gbóná tó báyìí, ẹ rántí rẹ̀. Bó bá gbóná jù báyìí lọ, ẹ má dúró. Ẹ máa fún un lómi púpọ̀. Ẹ má jẹ́ kó dìde dúró." Èébú yẹn ṣì wà lára rẹ̀, ó sì ń kọ́ mi.

Mo délé, mo sọ fún ìyá rẹ pé, "Dókítà ní ká máa lọ." Ìwọ wà níbẹ̀. O fò sókè, o ń jó yí bẹ́ẹ̀dì ká.

Ohun tí n kò sọ fún ọ rí nìyẹn. Dókítà kò ní ká máa lọ. Èmi ni.

Ó ṣe bí ọjọ́ mélòó kan, ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo fi ọwọ́ kàn án bó ṣe kọ́ mi, mo sì mọ̀ pé ó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá rẹ ní, "Ẹ jẹ́ ká padà." Mo ní, "Dókítà ti sọ pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn kó tó lọ." Irọ́ kì í dá gbélé, Akin. Èyí tí mo kọ́kọ́ pa ń wá ẹni tí yóò bá a gbé. Mo ra òróró ìpara, mo fi ń pa á. Bí Mojí bá kérora, n óò jáde lọ dúró lójú pópó.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo gbọ́ ohùn Sístà lẹ́nu géètì, ó ń bi àwọn ará ilé pé níbo ni Bàbá Akin ń gbé. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni. Ó ti mú àdírẹ́sì wa lára káàdì. Èmi, géńdé ọkùnrin tó ń gbé abọ́ jáde láti inú iná, mo sá sẹ́yìn kọ́tìnnì. Mo ní kí o sọ pé bàbá kò sí nílé.

O sọ ọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Sístà wo bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ó dáa. Bí bàbá bá dé, bá mi sọ fún wọn pé mi ò wá bá wọn jà. Ẹsẹ̀ Mojí ni mo wá wò."

Mo gbọ́ nígbà tó kúnlẹ̀ ti ọmọ náà. Mo gbọ́ tó ní, "Ìyá Akin, ẹ wá aṣọ. A ní láti padà báyìí."

Ìyá rẹ ní, "Ṣebí dókítà náà ló ní ká máa bọ̀ nílé?"

 Kọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti ìtìjú tí n kò ní bọ́ nínú rẹ̀ láéláé. Mo gbọ́ tí Sístà ń ká bùláńkẹ́ẹ̀tì Mojí. Ó wá ní, "Ìyá Akin, ohun tó wà níwájú wa báyìí ni ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Mo jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. N kò lè wò ó lójú.

O rántí pé kò sí epo nílùú lákòókò náà. Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé wa lọ sí Ikẹja ti tò sílé epo láti àná rẹ̀. Sístà gba ìró ìyá rẹ, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì so Mojí mọ́ mi lẹ́yìn bí a ti ń pọn ìkókó, kí ẹsẹ̀ náà má baà máa mì. Ojú irin la gbà, láti ibùdókọ̀ ojú irin Agége dé Ikẹja. Àwọn ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́bàá irin ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bàbá ọlọ́mọ, ẹ fún un lọ́mú o!" Sístà ń lọ níwájú, ó gbé ife àti bùláńkẹ́ẹ̀tì Mojí dání. Ìyá rẹ ń tẹ̀ lé wa, ó ń pe Jésù. Èémí Mojí ń gbóná sí mi lọ́rùn. Nígbà mìíràn n kò ní gbọ́ ọ, n óò dúró, n óò pè é, kó tó dáhùn.

Láàárín ọ̀nà, nígbà tí ìyá rẹ rẹ̀yìn díẹ̀, mo ní, "Sístà, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí..."

Ó ní, "Bàbá Akin, ẹ wo ojú ilẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí já bọ́."

Wọ́n la itan náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n fa ọyún jáde. Ìyẹn ló dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Àmọ́ eegun ti bàjẹ́, ẹsẹ̀ kan sì kúrú ju èkejì lọ títí dòní. Nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò ń sín in jẹ tí ìwọ sì ń bá wọn jà, o rò pé àìsàn ló jẹ́ kó máa tiro. Dókítà sọ fún mi pé bí mo bá jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ tó kù, bóyá ì bá máa rìn bí ìwọ ṣe ń rìn. Bóyá. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń bá jí láràárọ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí bàbá kan bá pariwo lé ọ lórí, má bá a pariwo. Ìbẹ̀rù ló fi ìbínú ṣe aṣọ. Bi í pé, "Bàbá, kí ló ń lé yín?" Ká ní ẹnì kan bi mí ni, n óò sọ fún un pé ọjọ́ ẹtì ló ń lé mi. Bó bá sì gbé ọmọ lọ, má ti káàdì rẹ̀ bọ inú àpótí kí o ní ó tán. O kò lè lọ sílé gbogbo wọn, mo mọ̀. Rán ẹnì kan. Kọ ìwé. Àti pé kí o tó jẹ́ kó jáde, gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ibi tó ń dun ọmọ náà, kí ó lè mọ̀ nígbà tó bá yẹ kó padà.

Ohun kan wà tí n kò lè gbà ọ́ nímọ̀ràn lé lórí. Sístà bò mí láṣìírí níwájú ìyàwó mi. Lọ́jọ́ náà, mo rò pé oore tó ga jù láyé nìyẹn. Àmọ́ ìyá rẹ ti fi ọdún mọ́kànlá gbé pẹ̀lú irọ́ náà, ó ń bínú sí dókítà tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ṣé ó yẹ kí Sístà sọ ọ́? N kò mọ̀. Ìwọ náà máa débẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kí Ọlọ́run fi ohun tí o máa sọ sí ọ lẹ́nu.

Ìkẹta, àwọn ọmọ tí ara wọn le. Ìyẹn ìwọ, Akin.

Ní gbogbo oṣù tí a fi wà ní wọ́ọ̀dù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, n kò mọ ohun tí o ń jẹ. Búrẹ́dì tí ìyá rẹ bá mú wá láti ibi iṣẹ́ lo fi ń lọ sí ilé-ìwé. Ìwọ lo ń pọnmi, ìwọ lo ń fọṣọ. Ní ọjọ́ Sátidé kan, o gbé fúláàsì ọ̀gì wá, Sístà sì dúró níwájú rẹ. Ó ní, "Akin, ìwọ ńkọ́?"

O ní, "Mojí ti sàn díẹ̀, mà."

Ó ní, "Mi ò béèrè Mojí."

O bú sẹ́kún, o sì sunkún débi pé o kò lè dìde nílẹ̀. Èmi dúró tì ọ́, fúláàsì wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ ohun tí mo lè fi ṣe. Mo ti bí ọ fún ọdún mọ́kànlá, n kò bi ọ́ ní ìbéèrè yẹn rí. Láti ọjọ́ náà ni Sístà ti máa ń fún ọ níṣẹ́ kékeré ṣe, kí o ká bándéèjì, kí o ka wákàtí abẹ́rẹ́ fún Mojí. Mo rò pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí o bá wà ní wọ́ọ̀dù, wò yí ká. Ọmọ kan á dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni kò wò. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ.

Ìkẹrin, ara rẹ. Ọmọkùnrin kan wà ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé ti Mojí, irú àìsàn kan náà. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ó kú. Mo lọ sẹ́yìn ibi tí wọ́n ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, mo bá Sístà níbẹ̀, ó fi orí ti aṣọ funfun kan tó tutù, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo fẹ̀yìn rìn padà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó wọlé, ó ti bọ́jú, ó sì gún Mojí lábẹ́rẹ́ láìjẹ́ kó dùn ún jù. Akin, má sọ ọkàn rẹ di òkúta kí o tó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Sunkún bó bá tó láti sunkún. Àmọ́ má máa dá sun ún lẹ́yìn aṣọ. Wá ẹnì kan tí ẹ jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ tí o lè sọ fún pé, "Tòní le." Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi dákẹ́, mo mọ ohun tí mo ń sọ.

Ó ku kékeré kan, má bínú. Fúnmiláyọ̀, ọmọbìnrin tí o ní o fẹ́ fẹ́, tí o fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ọmọ dáadáa ló jọ. Ṣé ó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò? Ìwọ mọ tìrẹ. O mọ ohun tí o gbé lára láti ilé wa. Ẹ jọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ọ̀rọ̀ tó dé etí àwọn òbí rẹ̀, kí o tó ra nǹkan ìdána kan. Mo mọ̀ pé ìwọ lo yẹ kó máa kọ́ mi ní èyí. Fún mi lésì rẹ̀ kíákíá, n kò ní fọkàn balẹ̀ títí n óò fi gbọ́.

Mo ní láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá fún ọ. Mo rò ó pé kò dára kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí Ìlọrin nígbà tí àwọn tó wà nínú ilé kò tíì gbọ́. Mo pe ìyá rẹ àti Mojí jókòó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan èébú, títí kan ìdí tí mo fi sá sẹ́yìn kọ́tìnnì.

Ìyá rẹ tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó sì lọ síbi iṣẹ́ búrẹ́dì bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àsìkò tirẹ̀. Ó padà dé, ó gbé oúnjẹ síwájú mi. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ di bí mo ṣe ń kọ èyí. N kò mọ ibi tó máa já sí. Bá mi kọ̀wé sí i, àmọ́ má bá mi bẹ̀ ẹ́. Kí inú rẹ̀ bí i tó bó ṣe yẹ.

Mojí jókòó sójú kan. Ó ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó ń tẹ̀wé fún àwọn ènìyàn ní Ọ̀pẹ̀bì, ó sì lè sọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà kò lè dá lóhùn. Mo ń retí pé yóò sunkún, tàbí pé yóò bú mi. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó wò ó.

Ó ní, "Bàbá, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá, mo bi Sístà pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ mi gan-an. Wọ́n ní bàbá mi ló máa sọ ọ́ fún mi, lọ́jọ́ tí wọ́n bá lè sọ ọ́. Mo ti ń retí yín láti ìgbà náà."

Mo ní, "Kò sọ nǹkan mìíràn fún ọ?"

Ó ní, "Wọ́n sọ ọ̀kan. Wọ́n ní nígbà tí kò sí mọ́tò, bàbá mi pọ̀n mí láti Agége dé Ikẹja, àwọn èèyàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọn kò sì sọ̀ mí kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ohunkóhun tí mo bá gbọ́ lẹ́yìnwá ọ̀la mú ìyẹn kúrò lọ́kàn mi."

Obìnrin tí mo bú nìyẹn, Akin. Ohun tí ó yàn láti fi pa mọ́ sí ọmọ mi lọ́kàn nípa mi nìyẹn. Bí o bá dé wọ́ọ̀dù lọ́la, wá ohun rere kan tí o fi ojú ara rẹ rí lára bàbá tó le jù níbẹ̀, kí o sì sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀.

Èmi bàbá rẹ, tí ẹ̀rù ṣì ń bà, tí kò sì sá sẹ́yìn kọ́tìnnì mọ́,

Bàbá Akin.